Ta Ló Kọ́ Wa Ní Àga Kíkàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ojú gbogbo ènìyàn ló máa ń wà lára rẹ̀: ẹni tó fẹ́ fi ṣe òpó ilé ń wò ó, ẹni tó fẹ́ fi gbẹ́ odó ń wò ó, ẹni tó fẹ́ fi kan àga náà kò gbẹ́yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ àga yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ o. Nínú pálọ̀ tí ẹ jókòó sí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ohun tí a fi igi ṣe níbẹ̀ kò ní dín ní mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé báwo ni tábìlì ṣe dé ilé Yorùbá? Igi ibo ni? Ta ló sì kọ́ káfíńtà tó kàn án níṣẹ́?

Ní Èbúté Ìkòròdú níbí tí mò ń gbé, bí ènìyàn bá bi àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ létí ọ̀sà ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa fún un: "Òyìnbó ni o! Àwa tí à ń jókòó sórí ẹní tẹ́lẹ̀, kí la mọ̀ nípa àga?" Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ a sì máa ba ìtàn jẹ́ ju irọ́ lọ. Ẹni tó bá gbà pé àlejò ló fún òun ní gbogbo ohun tó wà nílé òun, kò ní ka nǹkan kan sí nígbà tí wọ́n bá ń kó wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù.

Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa Jẹ́rìí

Bí a bá fẹ́ mọ ìtàn ohun èlò kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fetí sí orúkọ rẹ̀. Àga, orúkọ tiwa ni. Àpótí, tiwa ni. Àpótí tí à ń jókòó lé ń jẹ́ àpótí, àpótí tí à ń kó aṣọ sí náà ń jẹ́ àpótí. Ẹní tiwa ni, ilẹ̀kùn tiwa ni, odó tiwa ni. Ṣùgbọ́n tábìlì ńkọ́? Kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Àlejò ni gbogbo wọn. Káfíńtà fúnra rẹ̀, àlejò ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọmọ onílé.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń tú àṣírí? Kí àlejò tó dé, a ti ní ohun tí à ń jókòó lé, a ní ohun tí à ń kó ẹrù sí, a ní ilẹ̀kùn tí à ń tì. Ohun tó bá àlejò wọlé ni ohun èlò tí wọ́n fi pákó tò pọ̀: tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kọ́bọ́ọ̀dù onípele, bẹ́ẹ̀dì tó ní orí àti ẹsẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè wa kì í ṣe pé ta ló kọ́ wa ní ìjókòó. Ìbéèrè wa ni pé ta ló kọ́ wa bí a ti ń so pákó pọ̀.

Igi Kan, Iṣẹ́ Kan

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti iṣẹ́ káfíńtà. Gbẹ́nàgbẹ́nà a mú ìtì igi kan, a sì máa gbẹ́ kúrò lára rẹ̀ títí ohun tó ń wá yóò fi jáde. Odó ni o, ìlù ni o, ère ni o, àpótí ìjókòó ni o, igi kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bàbá wa fi ń ná ọjà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, láti Ìkòròdú dé Èkó, ìtì igi kan ni wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí gúlù, kò sí oríkèé tó lè yẹ̀. Àpótí tí a gbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé ọmọ, kí ó gbé ọmọ-ọmọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má mì rárá.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí igi bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe lè fẹ̀ mọ. Ta ló fẹ́ rí igi tó fẹ̀ tó tábìlì tí ènìyàn mẹ́jọ lè jókòó yí ká? Bí a bá tilẹ̀ rí i, èyí tó pọ̀ jù nínú igi náà ni yóò di èérún tí a ó fi dáná.

Pákó ni káfíńtà fi ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Kí sọ́míìlì tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń la ìtì igi. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé ìtì igi dábùú lé e lórí, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, wọ́n á sì máa fa ayùn gígùn lọ sókè sódò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo ìyẹ̀fun igi ń dà sí lójú. Ìnira wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtì igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà ì bá fi gbẹ́ ohun kan ṣoṣo, káfíńtà á rí pákó tó máa kún inú yàrá nínú rẹ̀.

Àwọn Ọmọ Tó Padà Wálé

Ó dára. Ta wá ló kó ayùn àti ìfági wọ̀lú? Ibi tí àwọn ará èbúté mi ti ń ṣì í nìyí. Òyìnbó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé irin iṣẹ́ yẹn dé, ọwọ́ ọmọ wa ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ mú Àjàyí, ọmọ Òṣogùn. Àwọn akónilẹ́rú mú un ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Pọtogí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó di Samuel Àjàyí Crowther, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà náà. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Weeks, tí òun pẹ̀lú padà di bíṣọ́ọ̀bù ní Sàró, ló fi iṣẹ́ yẹn kọ́ ọ. Kí ọwọ́ Àjàyí tó di kálámù tó fi túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ó ti di ayùn mú. Nígbà tí àwọn ará Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí 1839, irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn: wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn Àgùdà ni apá kejì. Ní 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, tí Yorùbá Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, dìde ogun ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ara kò sì rọ àwọn tó kù mọ́, ni ọ̀pọ̀ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà wálé. Ní Èkó wọ́n tẹ̀ dó sí ibi tí à ń pè ní Pópó Àgùdà títí di òní. Kí ni wọ́n kó bọ̀? Iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ aṣọ rírán, àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n fi òógùn ojú kọ́ lóko ẹrú. Ẹ rántí pé Bràsíìlì kò fòpin sí ẹrú níní pátápátá títí di 1888. Àwọn ènìyàn yìí kò lọ síbẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ bí àwa ṣe ń rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́. Ìyà ló kọ́ wọn.

Ọwọ́ wọn dá ṣáká. Káfíńtà Àgùdà kan tó ń jẹ́ Balthazar dos Reis fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ l'Ékòó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló kọ́ ọ, Sanusi Aka, ọmọ Yorùbá, sì bá a ṣe é. Ẹ ò rí nǹkan? Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ẹni tó lọ sí Bràsíìlì àti ẹni tí kò lọ, orí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n dúró lé. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.

Ó dùn mí pé a kò tọ́jú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ilé kan wà ní Tinúbú, ilé àwọn Fernandez tí wọ́n kọ́ ní 1855, òun la padà ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tó lé ní 160 ọdún di òkìtì ní ọjọ́ kan.

Ọ̀nà Omi

Èkó ní káfíńtà, ṣùgbọ́n Èkó kò ní igbó. Ọ̀dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún ni igi wà. Ìdí nìyẹn tí ìtàn àga Èkó kò fi lè pé láìdárúkọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ni Ìkòròdú jẹ́ látijọ́. Ẹni tó bá ń ti Rẹ́mọ bọ̀ wá sí Èkó, èbúté wa ni yóò ti wọ ọkọ̀. Nítorí ẹnu ọ̀nà yìí ni Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun wá ní oṣù kẹta 1865, tí wọ́n lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú kúrò. Ìlú kì í ránṣẹ́ ogun nítorí ibi tí kò ní láárí. Ọjà ló wà níbẹ̀.

Igi gẹdú ní tirẹ̀, láti inú igbó Ìjẹ̀bú àti ti Oǹdó ló ti ń bọ̀. Wọn kì í fi ọkọ̀ rù ú. Omi fúnra rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n á so ìtì igi pọ̀ mọ́ ara wọn, á tẹ́ rẹrẹ bí ẹní, á wá máa léfòó bọ̀ lórí ọ̀sà, á kọjá Ẹ̀pẹ́, á kọjá Ẹ̀jìnrìn tó jẹ́ ọjà ńlá nígbà náà, á kọjá níwájú wa níbí, títí á fi dé Èbúté Mẹ́ta. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Àwọn igi kan wúwo débi pé bí wọ́n bá jù wọ́n sómi, wọ́n á rì. Irú wọn ni wọ́n máa ń so mọ́ àárín àwọn igi fífúyẹ́, kí èyí tó fúyẹ́ lè gbé èyí tó wúwo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń dúró létí omi, a máa ń ka iye ìtì igi tó wà nínú ìdì kan, títí ojú wa á fi ṣú.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ibùdó iṣẹ́ rẹ̀, àwọn káfíńtà sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onísọ́míìlì kún etí ọ̀sà ní Oko Bàbá. Ibẹ̀ ni igi wa ti ń di pákó, ibẹ̀ ni àwa náà sì ti ń lọ rà á padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni igi wa lọ o. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò igi ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bá béèrè ìrókò, ìrókò náà ni wọ́n ń pè é. Afárá, afárá ni. Òpèpè, òpèpè ni. Ìdígbò, ìdígbò ni. Orúkọ tí àwọn ọdẹ wa ń pè é nínú igbó ló bá a wọ ọkọ̀ lọ. Èdè wa yá tábìlì lọ́wọ́ òyìnbó, èdè òyìnbó sì yá igi tí wọ́n fi kàn án lọ́wọ́ wa. Igi afárá kan náà ni ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà fi ṣe àwọn gìtá wọn kan tó lókìkí ní 1958. Wọ́n kàn fún un ní orúkọ mìíràn ni, wọ́n ń pè é ní Korina. Ní 1976, ìjọba Nàìjíríà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ìtì igi tútù lọ sókè òkun mọ́. Nígbà yẹn, igbó ti fẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ Tí A Ń Ṣe Nílé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi ń dàgbà, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ ra àga. Nílé ni wọ́n ti ń kàn án. Baálé ilé á lọ ra pákó fúnra rẹ̀, á tò ó sábẹ́ òrùlé, á fi igi wẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín pákó kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó bá gbẹ, á ránṣẹ́ pe káfíńtà. Káfíńtà á kó irin iṣẹ́ rẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, á tẹ́ ibi iṣẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò, ìyá wa á sì máa gbé oúnjẹ fún wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń san fún un, onílé ló ni igi.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí pákó gbẹ? Nítorí pé igi tí a gé kò tíì kú tán. Ní àsìkò òjò, a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, a sì máa wú. Ní àsìkò ọyẹ́, omi yẹn á jáde, igi á sún kì. Ìbú rẹ̀ ló ń wú jù, òòró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìdí nìyẹn tí dúrọ́ọ̀ tábìlì yín fi máa ń há ní oṣù keje, tó sì máa ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà ọyẹ́. Káfíńtà tó gbọ́ṣẹ́ kì í bá igi jà. Bí ó bá ń ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, á gbẹ́ ipa sí inú férémù, á ki pákó àárín bọ ipa náà láìfi gúlù lẹ̀ ẹ́, kí pákó náà lè ráyè mí. Bí ó bá ń so ẹsẹ̀ mọ́ àga, kì í gbára lé ìṣó. Á lu ihò sára ọ̀kan, á gbẹ́ ẹnu èkejì kí ó wọ inú ihò náà ṣinṣin, á wá fi gúlù àti èèkàn igi tẹ́ẹ́rẹ́ dè é. Ìṣó a máa dípẹtà. Oríkèé tó wọra dáadáa kì í dípẹtà.

Lẹ́yìn èyí ni pọ́líìṣì. Sáńpépà tó le ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa bọ́ sí èyí tó kúnná, ọ̀nà tí igi gbà hù sì ni wọ́n ń tọ̀. Ẹni tó bá fa sáńpépà dábùú, àpá rẹ̀ á hàn lábẹ́ pọ́líìṣì. Wọ́n á fi omi díẹ̀ nù ún kí irun igi lè dìde, tó bá gbẹ wọ́n á tún fá a. Wọ́n á fi pútì dí ojú ihò wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára ìrókò àti ọ̀gànwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da pọ́líìṣì sínú òwú tí wọ́n fi aṣọ dì, wọ́n á máa yí i lórí igi róboróbo, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ojú ènìyàn á fi hàn nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe pọ́líìṣì yẹn, ara kòkòrò kékeré kan tó ń gbé orí igi ní Íńdíà àti Thailand ló ti ń wá. Spírítì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ. Ó ń dán bí omi, ṣùgbọ́n ife tíì gbígbóná lè fi òrùka funfun sí i lára. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi yà sí lákà tí wọ́n ń fọ́n bí ọ̀dà mọ́tò.

Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá wa. À ń tún ilé ṣe, àbúrò mi obìnrin sì ti ra àga àti wọ́dúróòbù tuntun tó ń dán gbinrin. Ó ní kí a gbé kọ́bọ́ọ̀dù bàbá wa dànù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó o, ó ti dú bí ìkòkò. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé tì mọ́. Ta ló ń gbé irú eléyìí sí pálọ̀ láyé tá a wà yìí?"

Mo ní, "Àbúrò, jẹ́ kí káfíńtà kọ́kọ́ wò ó."

"Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Owó lẹ fẹ́ ná dànù yẹn."

Èmi náà bínú, ó bínú, a ò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí káfíńtà dé, ó yọ abẹ ó sì ha ibi kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó dákẹ́. Ó wá pè mí: "Bàbá, ìrókò rèé o! Ìrókò tó ti gbẹ láti ìgbà ayébáyé. Ikán ò fọwọ́ kan ibì kankan lára ẹ̀. Ẹ fẹ́ gbé e dànù kẹ̀?" Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó ha èéfín àti fáníìṣì àtijọ́ kúrò, ó fá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó há, ó pọ́líìṣì rẹ̀. Àwọ̀ tó jáde lára rẹ̀, àwa ọmọ fúnra wa kò rí i rí, nítorí èéfín àtùpà ti bò ó kí á tó gbọ́njú.

Òjò ọdún kejì ni omi wọ yàrá àbúrò mi. Omi náà kò ga ju kókósẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́dúróòbù tuntun yẹn wú nídìí bí búrẹ́dì tí a rì bọ omi, ó sì ya. Àbúrò mi ní kí n bá òun pe káfíńtà yẹn. Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ igi ni, mi ò bá tún un ṣe. Eléyìí kì í ṣe igi mọ́, ìyẹ̀fun igi ni."

Ilẹ̀kùn Ògògà

Òótọ́ ni káfíńtà sọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí igi wọ́n wọn ní Jámánì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èérún igi jọ, wọ́n ń pò ó mọ́ gúlù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ di pákó. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò bú u. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní Oko Bàbá, ìyẹ̀fun igi tiwa, iná là ń sọ sí i, tí èéfín rẹ̀ á sì bo afárá Third Mainland fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa sun tiwa, a wá ń fi owó ra ti ẹlòmíràn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Nígbà ìṣèjọba Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ fi àga àti tábìlì òkè òkun kún ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọ̀lú. Ṣé ìyẹn dá a dúró? Ẹ̀yin ẹ wo inú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀lọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, tó kú ní 1938, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba kan, Ambrose, tí àwọn ènìyàn rù wá kí ọba. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òyìnbó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí pàṣípààrọ̀: wọ́n ṣe àga oyè kan ní ìlú òyìnbó fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì dúró sọ́dọ̀ wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.

N kò dá Ògògà lẹ́jọ́. Ọba ni, ó sì mọ ohun tó fẹ́. Ó tilẹ̀ kọ owó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo pàṣípààrọ̀ náà dáadáa. Ilẹ̀kùn yẹn ni gbogbo ayé ń lọ wò, orúkọ Ọ̀lọ́wẹ̀ ni wọ́n ń dá. Ta ló mọ orúkọ káfíńtà tó kan àga? Bí àbúrò mi ṣe fẹ́ fi ìrókò pààrọ̀ ìyẹ̀fun igi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe lónìí, kò sì sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan tó ń gba tiwa pamọ́. Orí ààtàn ló ń lọ.

Ohun Tó Kù Lọ́wọ́ Wa

Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn onísọ́míìlì kúrò ní Oko Bàbá, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí Agbowá, ní apá Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n kọ́ ọjà igi tuntun sí. Ọ̀pọ̀ ló sunkún, nítorí ilé àti iṣẹ́ tó bá èyí lọ. Ẹkún wọn kì í ṣe ohun ayọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n igi tó ti ń kọjá níwájú wa láti ayébáyé ti wá fìdí kalẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ wa báyìí. Pákó ti sún mọ́ wa ju bó ti wà nígbà bàbá mi lọ. Ṣé ọwọ́ tí yóò kàn án ṣì wà?

Ìyẹn ni ẹ̀rù mi. Nígbà kan, ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà méje ló ń wà lẹ́yìn ọ̀gá káfíńtà kan ládùúgbò wa, a sì ń jó, a ń jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba fíríìdọ̀mù. Káfíńtà tó tún kọ́bọ́ọ̀dù wa ṣe sọ fún mi pé ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun, ìyẹn náà sì ti ń wo ọ̀kadà. Igi ńkọ́? Ìrókò kò hù lọ́dún kan. Ẹni tó gbin ín lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò là á. Bí iṣẹ́ bá kú kí igi tó dàgbà, ta ni yóò là á fún?

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀bẹ̀ kékeré ni mo ní. Kí ẹ tó gbé ohun èlò àwọn òbí yín dànù, ẹ ha ibi kékeré kan lára rẹ̀, kí ẹ mọ igi tó jẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ kan tuntun, ẹ ra pákó gbígbẹ, ẹ pe káfíńtà àdúgbò yín wá sílé, kí àwọn ọmọ yín lè dúró tì í, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ yí tábìlì náà dojú dé, kí káfíńtà kọ nǹkan mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: orúkọ rẹ̀, orúkọ igi náà, àti ọdún tó kàn án. Èmi wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi títí, mi ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́ púpọ̀, ó sì jẹun nílé wa. N kò mọ orúkọ rẹ̀.